Ẹ jẹ́ kí agbẹ́gilére wọ kíláàsì

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ tiwa. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí a bẹ̀ wò, ọmọ kan ya ojú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí ẹ̀yìn káyé ìṣirò rẹ̀. Tíṣà fa ewé náà ya, ó ní kí ó kúnlẹ̀. Ó dùn wá gan-an. Ẹyẹ wà lórí gèlè, ejò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí àwọn àgbà ṣe ń gbẹ́ ẹ gẹ́lẹ́.

Láti 2001 ni UNESCO ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun iyebíye aráyé, à ń fi yangàn. Ta ló wá ń kọ́ ọmọ ní gbígbẹ́ rẹ̀? Àwọn òbí míì ń bi wá pé, ṣé àwòrán ló máa fún un ní BEPC? Ẹ wo Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́. Ike epo tí à ń jù sí ààtàn, 304, ló fi ṣe La Bouche du Roi, tí British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù rà ní 2007.

Kí tíṣà ya ìkòkò kan sójú pátákó, kí gbogbo kíláàsì dà á kọ, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọnà. Kí ó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí lọ́jà lánàá, kí wọ́n yà á. Kí agbẹ́gilére máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí a sì sanwó fún un (ọ̀fẹ́ kọ́ o!). Ẹgbẹ́ á wá irinṣẹ́. Ọ̀bẹ á gé ọmọ lọ́wọ́ díẹ̀. Ó gé àwa náà.

Ó ku igi. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a máa bi baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan: mélòó lẹ máa fún wa?