Ẹ Jẹ́ Kí Tọkọtaya Fẹnu Ara Wọn Rojọ́

Bí obìnrin kan bá ní òun fẹ́ kọ ọkọ òun sílẹ̀ ní Òṣogbo tàbí Iléṣà, ìbéèrè tí àwọn ará àdúgbò máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé o ti rí lọ́yà?" Ìbéèrè yẹn ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sínú ìyà, torí owó lọ́yà kò sí lápò aláta. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹni tí wọ́n san owó orí lé lórí, tàbí tí wọ́n so yìgì fún, kò nílò lọ́yà kó tó lè rojọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀, èyí tí a ń pè ní kóòtù kọ́kọ́kọ́. Ojúṣe ìjọba Ọ̀ṣun sì ni láti jẹ́ kí tọmọdé tàgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí Lugard, gómìnà ìjọba amúnisìn, gbé òfin kóòtù ìbílẹ̀ kalẹ̀ ní 1914, wọn kò gba lọ́yà láyè níbẹ̀ rárá. Olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ ló ń sọ tẹnu wọn. Ní 1958, ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ka àwọn ìdí tí irú kóòtù bẹ́ẹ̀ lè fi tú ìgbéyàwó ká: ìwà ìkà, àìtọ́jú, àrùn tó léwu, kí ẹnì kan pa ẹnì kejì tì fún ọdún 2, àtàwọn míì. Èwo ni ìyá aláta kò lè ṣàlàyé nínú wọn? Ìran Òṣómàáló ni àwa Ìjẹ̀ṣà. Bàbá wa ló òṣó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, ó sì fẹnu ara rẹ̀ gba owó rẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Ẹ ó bá akọ̀wé kóòtù, ẹ ó sọ orúkọ ọkọ, ibi tó ń gbé, ọdún tí ẹ fẹ́ra, iye ọmọ àti ohun tí ẹ ń fẹ́. Ẹ ó sanwó, báílíìfù á gbé sámáǹsì lọ fún un. Lọ́jọ́ ẹjọ́, ẹ ó búra, ẹ ó rojọ́ ní Yorùbá, ọkọ á bi yín ní ìbéèrè, ẹ̀yin náà á bi í. Ẹ mú ẹnì kan tó wà níbi ìdána dání lọ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé níbi tí kò bá sí iye owó lára ògiri, iye tí ẹnu bá dá lèèyàn ń san.

Ibì kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ìgbéyàwó tí ẹ ṣe lọ́dọ̀ rẹ́jísírà, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ ìjọba, tí ẹ sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kóòtù ìbílẹ̀ kò lágbára láti tú u ká, ìbáà jẹ́ pé ẹ ti ṣe ìdána ṣáájú. Kóòtù Gíga ni ti yín, lábẹ́ òfin ọ̀ràn ìgbéyàwó ti 1970. Ẹni tó ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, tó gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù kọ́kọ́kọ́, tó wá fẹ́ ẹlòmíràn, ìgbéyàwó àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ní Kóòtù Gíga náà, èèyàn lè dúró fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé ibẹ̀. Bí ìgbéyàwó kò bá tíì pé ọdún 2, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ adájọ́. Lẹ́yìn ìdájọ́ àkọ́kọ́, oṣù 3 ló sábà máa ń gbà kó tó fìdí múlẹ̀.

Àwọn àgbà kan ń sọ pé bí ọ̀nà bá rọrùn báyìí, ilé á tú. Owó lọ́yà kò so ilé kankan ró. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé obìnrin á kàn palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, á lọ fẹ́ ẹlòmíràn láìgba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ kankan. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá, kí ọkọ àkọ́kọ́ yọjú láti wá du ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí kí ẹbí máa jà lórí òkú. Òótọ́ kan wà nínú ohun tí àwọn lọ́yà ń sọ: bí ilé, ilẹ̀ tàbí owó ńlá bá wà nínú ẹjọ́, ó yẹ kí èèyàn wá agbẹjọ́rò.

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Òṣogbo, ẹ ṣòfin pé kí gbogbo kóòtù ìbílẹ̀ lẹ iye owó mọ́ ògiri ní Yorùbá, kí fọ́ọ̀mù ìpẹ̀jọ́ wà ní Yorùbá, kí akọ̀wé sì kọ́kọ́ béèrè irú ìgbéyàwó tí ẹni tó wá ṣe kó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹjọ́ yín sì wà nílẹ̀ báyìí, ẹ gba rìsíìtì, ẹ má sì kúrò ní kóòtù láìbéèrè ẹ̀dà ìdájọ́ tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀.