Ta Ló Ń Ka Aláìsàn Jẹjẹrẹ Wa?

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, iye aláìsàn jẹjẹrẹ tí GLOBOCAN ń gbé jáde fún Nàìjíríà, ìṣirò àfojúdá ni, láti inú àkọsílẹ̀ ìlú díẹ̀. Ti Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní UCH ní 1960, wà lára wọn. Lójú tiwa, irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí olùwádìí kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ètò kọ̀ǹpútà CanReg5, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń bá wọn wá ẹni tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kò lè ka ẹni tó kú sílé láìdé ilé ìwòsàn. A ń tètè sìnkú, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kódà lọ́jọ́ kejì, ẹ lọ forúkọ olóògbé sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìkànìyàn. Bó bá jẹ́ pé dókítà ti sọ pé jẹjẹrẹ ni, ẹ má tijú láti sọ ọ́.