Ẹni Tó Jókòó Síwájú Kọ̀ǹpútà

"Kọ̀ǹpútà ò gbà á." Bí ènìyàn bá ń ya àwọn ọ́fíìsì wò láti Ìyànà-Ìba títí dé Òkòkòmáíkò lónìí, kò ní ṣàìgbọ́ gbólóhùn yẹn. Òṣìṣẹ́ tó ń sọ ọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í wá owó ẹ̀yìn. Ó ti tẹ ohun tó yẹ kó tẹ̀, ó ti wo àmì róbótó tó ń yí lójú ẹ̀rọ títí, èsì tó sì rí níbẹ̀ ló ń jẹ́. Màmá tó dúró níwájú rẹ̀, tó wọ mọ́tò wá láti Ìṣàṣì torí àtitún orúkọ ṣe, á ní, "Ọmọ mi, ṣáà bá mi ṣe é." Akọ̀wé mọ̀ pé òótọ́ ni màmá ń sọ, pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló ṣì nínú orúkọ náà. Àmọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ kò fún un láyè láti pa lẹ́tà kan rẹ́.

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí fẹ́ sọ kò gùn. Ẹni tí a bá fi síwájú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti tún àṣìṣe ẹ̀rọ náà ṣe. Bí kò bá ní in, kí ẹnikẹ́ni má di ẹ̀bi ẹ̀rọ rù ú.

A ò bá ẹ̀rọ jà. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú wa rántí ìgbà tí akọ̀wé ìjọba máa ń sọ pé fáìlì ti sọnù, tí fáìlì náà á sì yọjú lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti fi nǹkan sí i lọ́wọ́. Ní yunifásítì LASU tó wà nílùú Ọ̀jọ́ níbí, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1983, orí fóònù ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sanwó ilé-ẹ̀kọ́ báyìí. IPPIS, ètò owó oṣù tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007, tú àwọn òṣìṣẹ́ ayédèrú fó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013, iye wọn tí ìjọba kéde jẹ́ 46,821. Ta ni yóò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá owó oṣù ayédèrú bẹ́ẹ̀ padà sọ́wọ́ olè?

Ṣùgbọ́n IPPIS kan náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì torí rẹ̀ fárígá. Ó wà lára ìdí tí ẹgbẹ́ wọn, ASUU, fi da iṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Wọ́n ní ètò náà kò mọ bí iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ṣe rí, owó oṣù ń dín, orúkọ àwọn kan kò sì jáde rárá. Nígbà náà, bí olùkọ́ bá gba ìdajì owó, ọ́fíìsì bọ́sárì ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló ti máa ń lọ tú ìbínú jáde. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀ kò sì lè fi náírà kan kún un, nítorí Àbújá ni gbogbo àṣẹ wà. Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí i pé kí àwọn yunifásítì kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ gan-an. Wọ́n ní ẹ̀rọ máa dín iṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akọ̀wé ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á kọ́kọ́ fi báírò kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà, torí iná lè lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n á tún un tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì bá kọ̀, hotspot fóònù tiwọn ni wọ́n á tàn, dátà tí wọ́n fowó ara wọn rà ni wọ́n á fi ṣiṣẹ́ ọ̀gá, kò sì sẹ́ni tó ń dá owó náà padà. Níbi tí wọ́n ti ń tẹ àtàǹpàkò láàárọ̀, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé òṣìṣẹ́ pẹ́ dé. Kò ní kọ ọ́ pé tírélà ṣubú lójú ọ̀nà Badagry.

Ọ̀rọ̀ páásìwọ́ọ̀dù ló tiẹ̀ ń kó wa láyà sókè jù. Bàbá kan tó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ pé orí lẹ́jà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ló ti kọ́ṣẹ́, ni wọ́n pè sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan nínú gbọ̀ngàn. Kó tó lóye ohun kan, wọ́n ti kúrò níbẹ̀. Nígbà tó padà dé ọ́fíìsì, àgùnbánirọ̀ ló ké sí: "Kọ́pà, jọ̀ọ́, bá mi wọlé sí i." Bẹ́ẹ̀ ni páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣe di ti gbogbo yàrá. Lọ́jọ́ tí àwọn aṣàyẹ̀wò owó bá dé, orúkọ bàbá ni wọ́n á bá lórí gbogbo rẹ̀. Kọ́pà á ti sìnrú ìlú tán, á ti lọ.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Ọba. Láàárín ọdún 1999 sí 2015, ó lé ní 900 ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn ń bójú tó àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké, tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi torí pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Horizon, tí iléeṣẹ́ Fujitsu ṣe, ní owó ti dín. Owó kò dín. Ẹ̀rọ ló ṣì í kà. Àwọn kan lára wọn fi owó ara wọn dí i, àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn mìíràn kú kí orúkọ wọn tó mọ́. Nígbà tí wọ́n ń fi tó àwọn ọ̀gá létí, èsì tí ọ̀pọ̀ wọn gbà ni pé kò sí ẹlòmíràn tó ń ráhùn bẹ́ẹ̀. Oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ṣòfin tó wọ́gi lé ìdájọ́ wọn.

Ti ọ̀dọ̀ wa náà kò jìnnà. Nínú ìdánwò JAMB ọdún 2025, àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ kùnà láti fi àtúnṣe tó yẹ sórí sáfà tó ń sin ìpínlẹ̀ Èkó àti ìlà-oòrùn gúúsù. Ọmọ 379,997, ní ibùdó ìdánwò 157, ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ̀rọ kò sọ pé nǹkan kan ṣe òun. Ó ń fún àwọn ọmọ ní máàkì lọ ni. Ariwo òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ ló mú kí wọ́n kó àwọn onímọ̀ jọ, àwọn ènìyàn ni wọ́n jókòó wá àṣìṣe náà rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, tọrọ àforíjì ní gbangba, ó sunkún, ó sì gba ẹ̀bi náà sórí ara rẹ̀. A yìn ín fún ìyẹn, nítorí kò wá akọ̀wé kan tí yóò di ẹrù náà lé lórí.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Nínú òfin ààbò dátà, Nigeria Data Protection Act, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, abala 37 dá lórí ìpinnu ńlá tó bá kan ènìyàn tó sì jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ló ṣe é. Ó fún onítọ̀hún lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè pé kí ènìyàn dá sí i, kó sọ tẹnu rẹ̀, kó sì ta ko ìpinnu náà. Ṣùgbọ́n ènìyàn wo ni yóò dá sí i ní Ọ̀jọ́ níbí, nígbà tó jẹ́ pé akọ̀wé tó wà lórí tábìlì kò lè pa lẹ́tà kan rẹ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti ti ìdàgbàsókè Ìba, ẹ̀yin aláṣẹ LASU, ẹ̀yin ọ̀gá báǹkì tó tò sí ojú ọ̀nà Badagry: kí ẹ tó gba ẹ̀rọ tuntun wọlé, ẹ yan òṣìṣẹ́ tó máa ní àṣẹ àtúnṣe nínú ilé yẹn gan-an, kì í ṣe ní Aláùsá tàbí ní Marina. Ẹ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ títí ọwọ́ wọn á fi mọ́ ọn, kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà sì wà lákòókò iṣẹ́. Ẹ san owó dátà. Bí òṣìṣẹ́ bá kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, pé ẹ̀rọ ń ṣi nǹkan ṣe, kí ìwé yẹn gbà á sílẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń lọ sí àwọn ọ́fíìsì náà, tí wọ́n bá ní kọ̀ǹpútà ò gbà á, ẹ má pariwo lé ọmọ tó jókòó síbẹ̀ lórí. Ẹ ní kó kọ ẹjọ́ yín sílẹ̀, kó kọ ọjọ́ sí i, kó sì sọ orúkọ ọ̀gá tó ní àṣẹ láti tún un ṣe fún yín. Bó bá jẹ́ ìpinnu ńlá tí ẹ̀rọ nìkan ṣe ni, abala 37 wà lẹ́yìn yín.