Àkàrà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ère

Bí ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù kẹfà bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ohun tí a máa jẹ ni àwọn ọmọ mi máa ń bi mí ṣáájú ohun tí a máa wò. Ọjọ́ Ọdúnde nìyẹn, ọjà àjọ̀dún tí Lois Fernandez dá sílẹ̀ ní South Street, ní Filadẹ́fíà, lọ́dún 1975. Èrò á kọ́kọ́ wọ́ lọ sétí odò Schuylkill láti fi èso àti òdòdó júbà Ọ̀ṣun, wọn á sì padà sábẹ́ àtíbàbà: ère, ìlẹ̀kẹ̀, àdìrẹ, àwòrán, èéfín ẹran yíyan láàárín gbogbo wọn.

Ẹni tó gbé abọ́ ìrẹsì àti ẹja díndín dání kì í kánjú. Á dúró síwájú ère ìbejì, á máa jẹun lọ, á bèèrè igi tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ àti ẹni tó gbẹ́ ẹ. Kó tó jẹ abọ́ náà tán, ó ti ń ná an. Mo ti fojú ara mi rí i lọ́pọ̀ ìgbà.

Nílé ńkọ́? Nígbà tí mo lọ sí ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo, ẹ̀yìn ògiri ni mo ti bá ìyá alákàrà kan, nínú oòrùn gangan. Wọ́n fi ọmọ odó gbo ẹ̀wà lílọ̀ títí ó fi funfun tó sì wú, wọ́n ń fi ṣíbí bù ú sínú epo gbígbóná, àkàrà ń léfòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi ewé wé márùn-ún fún mi pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù. Mo bèèrè ibi ìjókòó.

"Ọmọ mi, orí ìdúró la ti ń jẹ ẹ́ níbí o."

Láti ìgbà náà n kò tíì jẹ irú àkàrà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn lé mi wọ mọ́tò, n kò sì dé ìsọ̀ ayàwòrán kankan, nínú ìlú tí Twins Seven Seven ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán, òun tó padà wá gbé Filadẹ́fíà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dùn mí di òní.

Ìyá yẹn ẹ̀wẹ̀ kò lè ríbi tajà ní South Street. Owó ìsọ̀ ńkọ́? Ìwé àṣẹ, omi ìfọwọ́? Mo fara mọ́ ìmọ́tótó, ì bá wù mí kó wà nílé náà. Àmọ́ owó ni kì í jẹ́ kí ẹni tó ní agbada kan ṣoṣo wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rí adìyẹ yíyan àwọn ará Jàmáíkà lọ́tùn-ún lósì, tí mo ń wá àkàrà kiri.

Ìjọba Brazil ti kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà Bàhíà sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn láti ọdún 2005. Àwa tí a ni àkàrà, kí ló dé tí a fi ń gbé e sẹ́yìn ògiri?

Bí mo bá délé lóṣù kẹjọ, àtíbàbà kan àti bẹ́ǹṣì méjì ni màá rà fún ìyá yẹn, bí wọ́n bá lè gbà kí a gbé agbada wọn sún mọ́ àwọn ayàwòrán.