FÚN ÀWỌN ÌYÁ ILÉ: EWÉ KORIÁŃDÀ ÀTI ÈSO RẸ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó kù kí ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyàwó kan àti ìyá ọkọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìyàwó náà ra ewé koriáńdà ní ìsọ̀ ará Índíà kan, ó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ sórí ìrẹsì. Bí ìyá ti tọ́ ọ wò, ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Ìyàwó mi, o kò ṣan ọṣẹ kúrò lára ìkòkò yìí." Ó dáhùn pé, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, mo ṣan án mọ́ tónítóní." Ọkọ jẹ tirẹ̀, kò gbọ́ òórùn ọṣẹ rárá. Ìyá rò pé ọmọ òun ń gbè lẹ́yìn aya rẹ̀. Ìyàwó rò pé ìyá ń wá ẹ̀sùn sí òun lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí a gbọ́ ọ̀ràn náà, a wí fún wọn pé kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Ohun tí ń mú ewé náà ta sánsán jẹ́ ìbátan ohun tí ó máa ń wà nínú ọṣẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á sí, ṣùgbọ́n àwọn kan ń bẹ tí imú wọn ń gbọ́ òórùn náà ju gbogbo èyí tí ó kù lọ. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé ohun tí a jogún lára òbí ní ipa díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyá sì lè ní i kí ọmọ má ní i.

Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé èròjà méjì ni ewéko yìí ń fún wa. Bí èso rẹ̀ róbótó bá gbó tí ó sì gbẹ, òórùn ti ewé a fi í sílẹ̀, a sì máa ta sánsán bí èèpo ọsàn. Èso yìí ni Ìwé Mímọ́ fi mánà wé. A bá a nínú ibojì Tutankhamun, ọba Íjíbítì, tí a rí ní ọdún 1922. Ó sì máa ń wà nínú kọ́rì tí ẹ ń bù sí ọbẹ̀ ata. Ìyá náà ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ láìmọ̀!

Ẹ yan èso náà nínú agbada gbígbẹ lórí iná tí kò le, títí yóò fi máa ta sánsán, kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ má lọ̀ ọ́ pamọ́ pẹ́, nítorí òórùn rẹ̀ a lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ń fi í sínú ọbẹ̀. Ewé kò rí bẹ́ẹ̀: iná a máa pa òórùn rẹ̀, nítorí náà ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sọ ìkòkò kalẹ̀ ni kí ẹ wọ́n ọn sí i. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíl, wọn a máa fi ewé yìí sí ọbẹ̀ ẹja tí wọ́n fi epo pupa àti wàrà àgbọn sè, tí wọ́n ń pè ní moqueca. Èso kò lè rọ́pò ewé, bẹ́ẹ̀ ni ewé kò lè rọ́pò èso.

Nísinsìnyí, èso ni ìyàwó náà fi ń se ọbẹ̀ ìyá, a sì bu ewé sínú àwo lọ́tọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́. Ìyá jẹ, ó sì súre fún un.

Ẹ̀yin ìyàwó, kí ẹ tó wọ́n ewé yìí sí oúnjẹ àlejò, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀yin ìyá ọkọ pẹ̀lú, bí ẹnu yín bá gbọ́ ohun tí ẹnu ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹ má tètè dá ìyàwó lẹ́bi. Ó dìgbà.