Méyọ̀ Tí Wọ́n Ń Gbé Sórí Òṣùwọ̀n

Ní ìlú High Wycombe, tó wà láàárín London àti Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí oṣù Karùn-ún bá ti dé lọ́dọọdún, wọ́n máa ń gbé òṣùwọ̀n ńlá kan tó ní àga jáde sí àárín ìlú. Wọ́n á ní kí méyọ̀ wá jókòó lé e lójú gbogbo ayé. Èyí tó ń kúrò lórí oyè ni wọ́n máa ń wò jù, nítorí pé wọ́n ti kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó gorí oyè. Bí kò bá sanra sí i, àwọn èrò á pàtẹ́wọ́, wọ́n á hó ìhó ayọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti tẹ̀wọ̀n ju ti àkọ́kọ́ lọ, akéde á ka ìwọ̀n náà, á wá fi kún un pé ó tún lé díẹ̀. Ariwo á sọ. Wọ́n á máa fi méyọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó orí àwọn ló jẹ yó. Wọ́n ní àṣà yìí ti wà láti nǹkan bí ọdún 1678.

Àwa Yorùbá ńkọ́? Ẹni tó bá dépò tó sì sanra, ńṣe la máa ń kí i. "Ẹ mà ti sanra o, Alhaji, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun." Èyí tó dépò tí ara rẹ̀ kò yí padà, àwọn kan á máa béèrè lábẹ́lẹ̀ bóyá àìsàn ló ń ṣe é. Ní High Wycombe, ikùn ńlá ní ẹjọ́ láti rò.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe yìí kò ṣàjèjì sí ẹ̀sìn wa. Gbogbo ẹni tó ti jókòó nídìí wáàsí mọ ìtàn Ibn al-Lutbiyya, ọkùnrin tí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rán lọ gba saka. Nígbà tó dé, ó pín ẹrù sí ọ̀nà méjì: apá kan fún ìjọba, apá kejì ó ní wọ́n fi ta òun lọ́rẹ ni. Ànábì bínú sí i gan-an. Ó béèrè pé bó bá jókòó sílé bàbá tàbí ìyá rẹ̀, ṣé ẹ̀bùn náà máa wá bá a níbẹ̀? Ìgbà tó kan Kálífà Umar, ó sọ ọ́ di ìlànà. Ó máa ń kọ dúkìá àwọn gómìnà sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Èyí tí dúkìá rẹ̀ bá pọ̀ kọjá ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ lè mú wá, Umar á gba apá kan padà fún àpò ìlú. Kódà ó rán Muhammad bin Maslamah lọ sí Íjíbítì láti lọ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Amr bin al-As, ẹni tó ṣẹ́gun ilẹ̀ náà fún àwọn Mùsùlùmí. Òṣùwọ̀n Umar sì dára ju ti High Wycombe lọ, nítorí pé dúkìá ló ń wọ̀n, kì í ṣe ikùn. Olè tó tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ láyé, owó tí wọ́n kó pamọ́ sí báńkì kì í sì í hàn lára ẹni.

Nàìjíríà náà kò ṣàìní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ọdún 1999 ní kí àwọn tó dépò kọ dúkìá wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọlé àti nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Inú fáìlì ni ìwé ọ̀hún ń sùn sí. Kò sí akéde tó ń kà á síta fún ẹnikẹ́ni.

Ní High Wycombe, àwọn Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn tó ti Pakistan àti Kashmir wá láti bí ọdún 1950 sí 1970, tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ àga tó sọ ìlú náà di olókìkí. Àwọn náà ti joyè méyọ̀, wọ́n sì ti jókòó lórí òṣùwọ̀n bíi ti gbogbo èèyàn. (Ní 2018 àti 2019, oṣù Karùn-ún ni Ramadan bọ́ sí. Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ lásìkò yẹn á ní àǹfààní ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ!) Ọmọ wa Adebayo Akinfenwa, agbábọ́ọ̀lù tó tóbi bí erin, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Wycombe Wanderers láti 2016 sí 2022, orí rẹ̀ ló yọ ọ́ tí kò jẹ méyọ̀ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Méyọ̀ tí wọ́n ń wọ̀n yìí, kò sí owó ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún 1974 tí wọ́n ti tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ tò ni káńsù ìlú náà ti di ara káńsù tó tóbi jù ú lọ. Ní 2020, wọ́n tún kó gbogbo káńsù agbègbè náà pọ̀ di ẹyọ kan tó ń jẹ́ Buckinghamshire. Ohun tó kù fún High Wycombe ni ẹ̀wọ̀n ọrùn, aṣọ oyè àti òṣùwọ̀n. Àwọn káńsẹ́lọ̀ tí ìlú náà dìbò yàn sí káńsù ńlá ló ń yan ọ̀kan nínú ara wọn ṣe méyọ̀ fún ọdún kan. Ó ń ṣí ilé ìwé, ó ń lọ síbi ayẹyẹ, ó ń gba àlejò. Bó bá tiẹ̀ fẹ́ jí owó orí jẹ, ibo ló ti máa rí i?

Irú méyọ̀ mìíràn ti wà báyìí tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí gbogbo ìlú ń dìbò fún tààrà. Sadiq Khan tó jẹ́ Mùsùlùmí ti wà nípò bẹ́ẹ̀ ní London láti 2016. Owó tó wà níkàáwọ́ òun àti àwọn iléeṣẹ́ abẹ́ rẹ̀, ti ọlọ́pàá, bọ́ọ̀sì, rélùweè abẹ́ ilẹ̀ àti ìpanápaná, lé ní bílíọ̀nù 20 pọ́ùn lọ́dún. Ní oṣù Kejìlá 2024, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé òun fẹ́ kí irú méyọ̀ alágbára yìí wà káàkiri, kí wọ́n sì kó àwọn káńsù kéékèèké pọ̀ sójú kan. Èyí fi hàn pé ọ̀pọ̀ ìlú àtijọ́ máa bá ara wọn níbi tí High Wycombe wà: méyọ̀ ìlú á ní oyè, méyọ̀ agbègbè á ní owó. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ kò sì gun òṣùwọ̀n kankan ní gbangba.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí àwọn èèyàn wa dẹ́kun pípariwo "Mùsùlùmí ti di méyọ̀" kí wọ́n tó béèrè pé irú méyọ̀ wo. Ní Tower Hamlets, ní ìlà oòrùn London, Lutfur Rahman wọlé gẹ́gẹ́ bíi méyọ̀ alágbára ní 2010 àti 2014. Ní 2015, ilé ẹjọ́ ìdìbò fagi lé ìbò 2014 náà, wọ́n ní ìwà màgòmágó wà níbẹ̀, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ díje fún ọdún márùn-ún. Ó ní òun kò jẹ̀bi, àwọn ọlọ́pàá kò sì pè é lẹ́jọ́ ọ̀daràn. Àwọn ará ibẹ̀ tún dìbò yàn án ní 2022. Ohun tó yẹ kó dun àwa jù nínú ìdájọ́ yẹn ni lẹ́tà tí àwọn ìmáàmù àti onímọ̀ ẹ̀sìn 101 fọwọ́ sí kí ìbò tó wáyé. Adájọ́ ní ńṣe ni wọ́n fi ẹ̀sìn ti àwọn olùdìbò. Àwọn kan nínú wa bínú sí adájọ́ náà, wọ́n ní kò mọ bí ìmáàmù ṣe ń bá ìjọ sọ̀rọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmáàmù tó bá ti sọ pé dandan ni ká dìbò fún ẹnì kan, báwo ló ṣe máa dúró lọ́dún kejì láti bi ẹni náà léèrè owó?

Fún àwọn èèyàn wa tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìran wíwò. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, nítorí náà ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún 18, tó sì ní ìwé àṣẹ láti gbé níbẹ̀, ì báà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò, yálà ó ti di ọmọ onílùú tàbí kò tíì dì í. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀. Láti 2023, ẹni tó bá fẹ́ dìbò níbùdó gbọ́dọ̀ mú ìwé tó ní àwòrán rẹ̀ dání, wọ́n sì ń gba ìwé ìrìnnà Nàìjíríà. Àwọn ìyá wa tó ń lo níkáàbù lè ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ṣí ojú ní ìkọ̀kọ̀, kí obìnrin sì wò ó bí obìnrin bá wà nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀.