Ẹ̀gbẹ́ Dídọ́gba Nìkan Kò Tó

Kékeré ni ìmàle ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lóṣòó. Ohun tí olùkọ́ bá fi sí ọmọdé lọ́kàn ni yóò bá a dàgbà, ìbáà ṣe òtítọ́, ìbáà ṣe àṣìṣe. Nítorí náà, ó yẹ kí a bá àwọn olùkọ́ kan wí, àwọn tí ń sọ fún ọmọ pé bí ẹ̀gbẹ́ àwòrán onígun-púpọ̀ bá ti dọ́gba, àwòrán náà ti di adọ́gba pátápátá. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ẹni tí ó bá ń jiyàn mú pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tí gígùn wọn dọ́gba, kí ó fi ìṣó kọ̀ọ̀kan kan wọ́n pọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ó bá fi ìka tì í díẹ̀, yóò dà sí ẹ̀gbẹ́ kan: igun méjì yóò fún, méjì yóò fẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni pátákó kankan kò kúrú sí i! Kí ó wá kan mẹ́ta pọ̀. Bí ó ti wù kí ó tì í tó, kò ní yẹ̀. Onígun mẹ́ta nìkan ni ìdọ́gba ẹ̀gbẹ́ ti ń sọ ìdọ́gba igun di dandan, dígírì 60 ní igun kọ̀ọ̀kan. Láti orí mẹ́rin lọ sókè, ẹ̀gbẹ́ kò lè ṣe ẹlẹ́rìí fún igun.

Ní Warri, níbi tí ilé ìfọpo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, ta ni kò mọ nọ́ọ̀tì àti sípánà? Nọ́ọ̀tì tí ó wọ́pọ̀ jù ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà. Àpapọ̀ igun inú rẹ̀ jẹ́ dígírì 720. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 120. Bí igun wọ̀nyí kò bá dọ́gba, sípánà tí ó wọ̀ ọ́ níhìn-ín kò ní wọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún, bí ẹ̀gbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tilẹ̀ dọ́gba. Ó ṣeni láàánú pé ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì fi ọwọ́ mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ẹnu kà láìmọ̀.

Kí ló fà á? Àkọ́sórí ní èdè tí kò yé ọmọ ni. Àwọn kan ní èdè wa kò lè gbé ìṣirò. Irọ́ ni! Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa darí, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọn kò sì rẹ̀yìn lẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a fi kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Ìjọba lè fagi lé ìlànà, kò lè fagi lé òye. Ọmọ Urhobo, ọmọ Ìjọ̀, àti ọmọ Itsekiri tí èdè rẹ̀ bá Yorùbá tan, ẹ̀tọ́ wọn ni kí ọ̀rọ̀ yé wọn.

Kí a pe onígun mẹ́rin tí ó dà sí ẹ̀gbẹ́ yẹn ní adọ́gba-ẹ̀gbẹ́. Kí a pe ojúlówó ní adọ́gba-tẹ̀gbẹ́-tigun. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ẹ mú pátákó àti ìṣó lọ́wọ́ kí ẹ tó mú ẹfun.